Ìran, Àdéhùn àti Ààlà: Ìṣèlú Ìdílé láàrin àwọn Sòmálì àti Àjọṣe wọn pẹ̀lú àwọn Òrómò

1. Ìfáárà

Nínú ìròyìn nípa ilẹ̀ tí ó yọ ṣonṣo sínú òkun ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Ìwo Áfíríkà, ọ̀rọ̀ méjì kì í wọ́n. Èkíní ni pé ìjà ìdílé ni ó ba Sòmálíà jẹ́. Èkejì ni pé ọ̀tá àtayébáyé ni àwọn Sòmálì àti àwọn Òrómò tí ó múlé tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ méjèèjì rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe àlàyé ohunkóhun. Bí ìdílé bá jẹ́ àrùn tí ó ń pa ìlú, èéṣe tí ó fi jẹ́ pé àgbà ìdílé kan náà ni ó ń parí ìjà ní ibòmíràn nínú ilẹ̀ Sòmálì? Bí Sòmálì àti Òrómò bá sì jẹ́ ọ̀tá láti ìgbà ìwáṣẹ̀, báwo ni a ṣe rí àwọn ènìyàn tí ó jẹ́ pé èdè Òrómò ni wọ́n ń sọ, síbẹ̀ tí wọ́n ń ka baba ńlá wọn mọ́ ti Sòmálì?

Ète wa nínú bébà yìí ni láti wá ìdáhùn sí ìbéèrè méjì wọ̀nyí. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ìran tí àwọn Sòmálì ń kà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìkan. Àdéhùn láàrin àwọn alààyè ni pẹ̀lú. Nítorí pé àdéhùn ni, ó ṣeé tún ṣe, ó sì ṣeé fà gùn kí ó lè gba àlejò. Ààlà tí ó wà láàrin Sòmálì àti Òrómò jẹ́ ohun tí ènìyàn lè rékọjá fún ìgbà pípẹ́. Ìjọba òde òní ni ó sọ ààlà náà di ògiri, nígbà tí ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan ṣoṣo.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a tọ́ka sí nǹkan méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, nínú àwọn ìwé àtijọ́, 'Galla' ni wọ́n ń pe àwọn Òrómò. Àwọn tí ó ni orúkọ kà á sí èébú, nítorí náà a kò ní lò ó. Lọ́nà kejì, ẹni tí ó dàgbà nínú ìlú Yorùbá ní láti ṣọ́ra. Lọ́dọ̀ tiwa, agboolé wà nínú ìlú, ọba sì wà lórí ìlú. Darandaran Sòmálì kò ní ìlú lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ibi tí koríko àti omi bá wà ni ilé rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ìlú rẹ̀.

2. Ètò ìdílé láàrin àwọn Sòmálì

Láti kékeré ni ọmọ Sòmálì ti ń kọ́ bí a ti ń ka orúkọ baba, baba baba, àti baba ńlá rẹ̀ títí dé orí ẹni tí wọ́n gbà pé ó dá ìran náà sílẹ̀. Abtirsi ni wọ́n ń pe kíka orúkọ yìí. Bí àlejò méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, kíka orúkọ báyìí ni yóò fi hàn wọ́n ibi tí baba wọn ti pàdé, àti irú ọwọ́ tí ó yẹ kí wọ́n fi mú ara wọn.

Àwọn ìran ńlá tí a máa ń dárúkọ ni Dir, Isaaq, Darod, Hawiye, àti Digil pẹ̀lú Mirifle tí a tún ń pè ní Rahanweyn. Àwọn Isaaq wà ní ìhà àríwá. Àwọn Hawiye wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà àti ní agbègbè Mogadishu. Àwọn Darod fọ́n ká láti ṣonṣo ìlà-oòrùn títí dé Ogaden àti àríwá Kẹ́ńyà. Àwọn Digil àti Mirifle ń gbé láàrin odò Jubba àti odò Shabelle. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì tún ń sin ẹran, èdè Maay ni wọ́n sì ń sọ. Ìtàn sọ pé láti ilẹ̀ Lárúbáwá ni Sheikh Darod àti Sheikh Isaaq ti wá, tí wọ́n sì fẹ́ ọmọ onílẹ̀ láti ìran Dir. Yálà ìtàn náà rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ méjì: ó so ìran náà mọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó sì so ó mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n dé.

Ìran kọ̀ọ̀kan pín sí ẹ̀ka, ẹ̀ka sì tún pín sí ẹ̀ka kéékèèké. Ọ̀dọ̀ baba ni a ti ń ka ìran, ṣùgbọ́n ìyá kò ṣàìní ipa nínú ìpínyà. Láàrin àwọn Isaaq, orúkọ bí Habar Awal àti Habar Jeclo wọ́pọ̀, ìyá àgbà sì ni ọ̀rọ̀ náà 'habar' ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń pín ogún sí ìdí-igi nílẹ̀ wa yóò tètè lóye èyí: ọmọ baba kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá súnmọ́ ara wọn ju ọbàkan lọ.

Nínú irú ètò báyìí, kò sí ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá tí kò ṣeé yí padà. Ìdílé méjì tí ó ń jà lórí kànga lónìí yóò parapọ̀ lọ́la bí ìdílé tí ó jìnnà sí wọn bá kọlù wọ́n. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni yóò sọ ibi tí a ó dá ìran dúró sí nígbà tí a bá ń kà á. Nítorí ìdí èyí, bí wọ́n tilẹ̀ ní àwọn olóyè bíi suldaan, ugaas tàbí boqor, agbára irú olóyè bẹ́ẹ̀ kò tó láti pàṣẹ. Ìpàdé tí wọ́n ń pè ní shir ni ibi ìpinnu, gbogbo ọkùnrin tí ó ti dàgbà ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn obìnrin kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. I. M. Lewis, tí ó ṣe ìwádìí ní ìhà àríwá kí òmìnira tó dé, pe ètò yìí ní ìjọba tiwa-n-tiwa ti àwọn darandaran nínú ìwé rẹ̀ A Pastoral Democracy (1961).

Ìpele tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìgbé-ayé ojoojúmọ́ kì í ṣe ìran ńlá. Ẹgbẹ́ tí ó ń san owó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ni. Mag ni wọ́n ń pe owó náà. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní diya. Bí ọkùnrin kan bá pa ẹni tí ó ti ẹgbẹ́ mìíràn wá, kì í ṣe òun nìkan ni gbèsè náà wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò dá a, gbogbo ẹgbẹ́ ẹni tí ó kú ni yóò sì pín in. Iye tí a mọ̀ mọ́ ọn ni ràkúnmí 100 fún ọkùnrin àti 50 fún obìnrin. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ní ọgọ́rùn-ún ọkùnrin mélòó kan tàbí ẹgbẹ̀rún díẹ̀.

Kí ni ó so ẹgbẹ́ yìí pọ̀? Baba kan náà ni wọ́n pe ara wọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé baba kan náà nìkan kò tó. Àdéhùn wà tí wọ́n ń pè ní xeer (lẹ́tà x ń dún bí h tí ó ti inú ọ̀fun wá). Xeer ni ó sọ ohun tí olúkúlùkù yóò san, bí a ó ṣe pín ohun tí a bá gbà, àti ìyà tí ó tọ́ sí ẹni tí ó bá ṣẹ ẹni tirẹ̀. Nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tilẹ̀ ń kọ irú àdéhùn báyìí sílẹ̀, wọ́n sì ń fi í pamọ́ sí ọ́fíìsì ìjọba. Bí ẹgbẹ́ bá pọ̀ jù, wọ́n lè pín in. Bí ó bá kéré jù, wọ́n lè dara pọ̀ mọ́ òmíràn. Nínú èyí ni ẹ̀rí wa àkọ́kọ́ wà: ẹ̀jẹ̀ ni ó ń pe ènìyàn jọ, àdéhùn ni ó ń mú wọn dúró.

3. Ètò gadaa láàrin àwọn Òrómò

Àwọn Òrómò ni ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ènìyàn Etiópíà, wọ́n sì wà ní àríwá Kẹ́ńyà pẹ̀lú. Lára ẹ̀ka wọn ni Borana, Guji, Arsi, Macha, Tulama, Ittu àti Karrayu. Àwọn náà ní ìdílé. Àwọn Borana, fún àpẹẹrẹ, pín sí apá méjì, Sabbo àti Gona, ẹni tí ó bá jẹ́ Sabbo yóò sì wá aya láàrin Gona. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ìdílé nìkan ni wọ́n gbé ìjọba lé. Gadaa ni wọ́n gbé e lé.

Nínú gadaa, ọjọ́ tí a bí ọkùnrin kọ́ ni ó ń sọ ibi tí ó wà, bí kò ṣe ẹgbẹ́ tí baba rẹ̀ wà. Ẹgbẹ́ baba àti ẹgbẹ́ ọmọ fi ogójì ọdún jìnnà síra. Ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ ni a ń lò ní ìpele, ẹgbẹ́ tí ó bá dé ìpele ìṣàkóso yóò sì mú ipò náà fún ọdún mẹ́jọ lábẹ́ olórí tí a ń pè ní Abba Gadaa, kí ó tó gbé e fún ẹgbẹ́ tí ó tẹ̀lé e. Láàrin àwọn Borana, ìpàdé ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Gumi Gayo, tí ó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́jọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe òfin, tí wọ́n sì ń yẹ iṣẹ́ àwọn olórí wò. Asmarom Legesse ṣe àlàyé ètò yìí ní kíkún nínú ìwé rẹ̀ Gada (1973), àjọ UNESCO sì kọ ọ́ sí ara ogún àṣà gbogbo ayé ní ọdún 2016.

Ìyàtọ̀ láàrin ètò méjèèjì hàn kedere. Ti Sòmálì dá lórí pípín sí ẹ̀ka. Ti Òrómò dá lórí gbígbé ipò fún ara ẹni. Síbẹ̀, ohun kan pa wọ́n pọ̀: méjèèjì ní ọ̀nà tí a fi ń gba àlejò. Òrómò lè gba ọmọ ọlọ́mọ ṣe ọmọ. Guddifachaa ni wọ́n ń pè é. Wọ́n sì lè gba odindi àwùjọ sínú ìdílé wọn nípa ìbúra. Èyí ni moggaasa. Lọ́dọ̀ Sòmálì, ẹni tí ó bá dé ilẹ̀ onílẹ̀ lè fi orúkọ ìran onílẹ̀ pe ara rẹ̀, kí ó lè rí omi, koríko àti ààbò. Sheegad ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

4. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé

Ọmọ ìyá ni èdè Sòmálì àti èdè Òrómò. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè pín méjèèjì sí ẹ̀ka Kushitiiki ti ìlà-oòrùn, nínú ẹbí èdè tí Hausa àti Lárúbáwá wà pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ díẹ̀. 'Méjì' ni laba ní èdè Sòmálì, lama ní èdè Òrómò. 'Mẹ́rin' ni afar àti afur. 'Márùn-ún' ni shan nínú méjèèjì. 'Ẹnu' tàbí 'èdè' ni af àti afaan. 'Ràkúnmí' ni geel àti gaala. Ọ̀rọ̀ ìsìn náà wà níbẹ̀. Waaqa ni orúkọ Ọlọ́run nínú ẹ̀sìn àbáláyé Òrómò. Àwọn Sòmálì ti di Mùsùlùmí tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà ṣì wà nínú orúkọ ìdílé Jidwaaq àti ìlú Caabudwaaq.

Ẹ̀rí èdè yìí ni ó tú èrò àtijọ́ kan fó. Àwọn òǹkọ̀wé kan, tí I. M. Lewis wà lára wọn, gbà nígbà kan pé apá àríwá, létí òkun, ni àwọn Sòmálì ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń lé Òrómò lọ sí gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn bí wọ́n ti ń bọ̀. Ní ọdún 1966, Herbert S. Lewis, tí kò bá ẹni ìṣáájú tan bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra, tako èrò náà nínú ìwé ìròyìn ìtàn Áfíríkà kan. Ó ní ibi tí èdè tí ó bá wọn tan pọ̀ sí jù lọ, ní gúúsù Etiópíà àti àríwá Kẹ́ńyà, ni ó yẹ kí a wá orírun àwọn méjèèjì sí. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ìtàn pé ẹnìkan ni onílẹ̀ tí ẹnìkejì sì jẹ́ agbàlú kò dúró mọ́ ní gbogbo ibi.

A kò sọ pé wọn kò jà rí. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Imam Ahmad ibn Ibrahim, tí àwọn Sòmálì ń pè ní Ahmed Gurey, gbógun ti ìjọba àwọn Kristẹni Etiópíà láti ọdún 1529 títí tí ó fi kú ní 1543. Àwọn ọmọ ogun Sòmálì wà lára ogun rẹ̀. Ogun náà tán ìjọba méjèèjì lágbára, àkókò yìí kan náà sì ni àwọn Òrómò ń gbòòrò káàkiri. Àlùfáà Bahrey kọ ìwé kan nípa wọn ní nǹkan bí ọdún 1593. Ó béèrè ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣẹ́gun àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ó pọ̀ níye tí wọ́n sì ní ohun ìjà púpọ̀.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjì náà fẹ́ láti òdìkejì. Àwọn Darod kan sọdá odò Jubba lọ sí ilẹ̀ àwọn Òrómò tí wọ́n ń pè ní Wardey. Gẹ́gẹ́ bí sheegad ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá Wardey gbé. Nígbà tí àrùn dín agbára àwọn onílẹ̀ kù, àwọn àlejò dojú ìjà kọ wọ́n, wọ́n sì gba ilẹ̀ náà. Àwọn Orma tí ó wà létí odò Tana ní Kẹ́ńyà wà lára ìyókù àwọn Wardey. Ìtàn yìí fi hàn pé gbígba àlejò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán. Agbára ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀; bí agbára bá sì yí, àdéhùn lè wó.

5. Àwọn tí ó wà láàrin

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ lòdì sí èrò 'ọ̀tá àtayébáyé' ni àwọn ènìyàn tí wọn kò ṣeé fi sí apá kan ṣoṣo. Àwọn Garre wà ní Etiópíà, Kẹ́ńyà àti Sòmálíà. Àwọn kan nínú wọn ń sọ ẹ̀ka-èdè Òrómò, àwọn mìíràn ń sọ ẹ̀ka-èdè tí ó bá ti Sòmálì tan. Àwọn Ajuran ka ara wọn sí Sòmálì, ṣùgbọ́n èdè Borana ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà ní Kẹ́ńyà ń sọ. Àwọn Gabra ń sọ èdè Òrómò, wọ́n sì ti bá Borana ṣe àjọṣe fún ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ ràkúnmí ni wọ́n ń sìn, ọ̀pọ̀ ètùtù wọn lórí ràkúnmí sì jọ ti Sòmálì àti ti Rendille.

Günther Schlee tọpa ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ Identities on the Move (1989). Ó rí i pé ìdílé kan náà wà láàrin Gabra, Sakuye, Garre, Rendille àti àwọn Sòmálì kan, àti pé àwọn tí ó wà nínú ìdílé náà mọ ara wọn bí ọmọ ìyá láìka èdè sí. Èyí túmọ̀ sí pé ní agbègbè yìí, ìdílé gbòòrò ju ẹ̀yà lọ ní apá kan, bí ẹ̀yà ti gbòòrò ju ìdílé lọ ní apá kejì.

Kí ni àǹfààní irú ipò báyìí? Ọ̀dá ni. Ní ilẹ̀ tí òjò kò ṣeé gbọ́kàn lé, ẹni tí ó bá ní ẹbí ní ọ̀dọ̀ Borana àti ní ọ̀dọ̀ Sòmálì ni yóò rí kànga méjì nígbà tí ọ̀kan bá gbẹ. Orúkọ baba ńlá méjì jẹ́ ohun ìní fún un gẹ́gẹ́ bí ràkúnmí ti jẹ́ ohun ìní. Àwọn Rahanweyn náà fara jọ èyí: 'ọ̀pọ̀ èrò' ni a máa ń sọ pé orúkọ wọn túmọ̀ sí, a sì mọ̀ pé wọ́n gba ènìyàn láti oríṣiríṣi ìran mọ́ra. Nípa báyìí, ẹ̀rí wa kejì dúró: ìran tí a ń kà ń tẹ̀lé ibi tí a ti rí omi mu.

6. Ìjọba òde òní àti ògiri tí ó mọ

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Menelik ti Etiópíà ṣẹ́gun àwọn Arsi, ó gba Harar ní 1887, ó sì fẹ ìjọba rẹ̀ wọ Ogaden. Gẹ̀ẹ́sì, Ítálì àti Faransé pín ìyókù ilẹ̀ Sòmálì. Ní àríwá Kẹ́ńyà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà láàrin Sòmálì àti Òrómò, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹran kọjá rẹ̀. Wọ́n fẹ́ dá ìjà dúró. Ṣùgbọ́n kí ìlà náà tó lè ṣiṣẹ́, a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó jẹ́ Sòmálì àti ẹni tí ó jẹ́ Òrómò. Báyìí ni ìbéèrè tí ó ní ìdáhùn méjì tẹ́lẹ̀ ṣe di èyí tí ó gbọ́dọ̀ ní ẹyọ kan.

Orílẹ̀-èdè Sòmálíà gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1960. Igun márùn-ún tí ó wà lára ìràwọ̀ àsíá rẹ̀ dúró fún ilẹ̀ márùn-ún tí Sòmálì ń gbé, tí mẹ́ta nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nígbà náà. Láti ọdún 1963 sí 1967, ogun tí a ń pè ní Shifta jà ní àríwá Kẹ́ńyà. Àwọn Sakuye, tí ń sọ èdè Òrómò, bá Sòmálì lọ nínú ogun náà, ẹran wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní àkókò kan náà, Waqo Gutu kó àwọn Òrómò àti Sòmálì agbègbè Bale jọ láti ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba Haile Selassie, Sòmálíà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí ó yá, ìjọba Sòmálíà bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn Òrómò ìhà gúúsù ní 'Somali Abo', ó sì ṣe ìtìlẹ́yìn fún ẹgbẹ́ ológun kan lórúkọ bẹ́ẹ̀. Sheegad ni èyí jọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Àlejò ni ó ń mú orúkọ onílẹ̀ nínú sheegad. Níbí, ìjọba ni ó ń fún ẹlòmíràn lórúkọ kí ó lè gba ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn Òrómò tí ó dá ẹgbẹ́ Oromo Liberation Front sílẹ̀ ní 1973 kò gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé ńkọ́? Nígbà ìdìbò oṣù Kẹta ọdún 1969, ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ju 60 lọ ni ó du ìjókòó 123, olùdíje sì ju 1,000 lọ. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Mohamed Siad Barre àti àwọn ológun gba ìjọba. Wọ́n kéde pé ìdílé ti kú, wọ́n sì sin ère rẹ̀ ní gbangba. Wọ́n fi òfin dá mag dúró, wọ́n sì ka dídárúkọ ìran léèwọ̀. Àwọn ènìyàn a máa rẹ́rìn-ín sí i: dípò kí wọ́n béèrè ìran ara wọn, wọn a béèrè 'ex' ara wọn, ìyẹn ìran tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rín náà kì í ṣe àwàdà. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ìjọba náà dúró lórí ìran mẹ́ta: Marehan tí í ṣe ti baba Barre, Ogaden tí í ṣe ti ìyá rẹ̀, àti Dhulbahante tí í ṣe ti ọkọ ọmọ rẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1977, Sòmálíà gbógun wọ Ogaden. Ní oṣù Kẹta ọdún 1978, ogun Etiópíà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Kúbà àti Soviet, ti lé e jáde. Ogunlọ́gọ̀ àsásálà, Sòmálì àti Òrómò, ya wọ Sòmálíà. Ìjọba fi ọ̀pọ̀ àwọn Ogaden sí ilẹ̀ Isaaq, ó sì kó ohun ìjà fún àwọn kan nínú wọn. Ìbínú tí ó ti ibẹ̀ jáde wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ Somali National Movement ní 1981. Nígbà tí Barre àti Mengistu ti Etiópíà ṣe àdéhùn ní oṣù Kẹrin ọdún 1988 pé àwọn kò ní ran ọlọ̀tẹ̀ ara wọn lọ́wọ́ mọ́, ẹgbẹ́ náà wọ Burao àti Hargeisa, Barre sì fi bọ́ǹbù wó Hargeisa palẹ̀. Ó sá kúrò ní Mogadishu ní oṣù Kìíní ọdún 1991.

Ibi yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè wa àkọ́kọ́ wà. Ní gúúsù, àwọn olórí ogun lo orúkọ ìran ńlá, Hawiye tàbí Darod, láti kó ọmọ ogun jọ, láìsí xeer tí ó lè dè wọ́n; ìran ńlá tóbi ju ohun tí mag lè kó ní ìjánu lọ. Ní àríwá, ní Somaliland tí ó kéde ìyapa ní oṣù Karùn-ún ọdún 1991, àwọn àgbà ìdílé pàdé ní Borama ní 1993 fún oṣù mélòó kan. Wọ́n parí ìjà, wọ́n sì fi ìdí ilé-ìgbìmọ̀ àgbà tí a ń pè ní Guurti múlẹ̀. Ìdílé ni ó wà níhìn-ín, òun náà ni ó wà lọ́hùn-ún. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àdéhùn wà ní ibì kan, kò sì sí ní ibì kejì. Ìpàdé Arta ní 2000 gbé ìlànà '4.5' kalẹ̀ fún Sòmálíà: Darod, Hawiye, Dir, àti Digil pẹ̀lú Mirifle gba ìpín kan kan, àwọn yòókù sì pín ààbọ̀. Ó dá ìjà kan dúró, ṣùgbọ́n ó sọ àwọn tí kò sí nínú ìran ńlá di ìlàjì ènìyàn níwájú òfin.

Ní Etiópíà, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1995 pín orílẹ̀-èdè náà sí ìpínlẹ̀ lórí ẹ̀yà àti èdè. Oromia àti Ìpínlẹ̀ Sòmálì wá di aládùúgbò tí ààlà wọn gùn lọ jàrà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, ìjọba ṣètò ìdìbò ní kebele tí ó ju 400 lọ, kí àwọn ará ibẹ̀ lè yan ìpínlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wà. Púpọ̀ jù lọ lọ sí Oromia. Lójú àwọn tí ó ṣètò rẹ̀, ìdìbò ni ọ̀nà òdodo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú ipò ẹni tí ó ń sọ èdè Òrómò, tí ó ń ka baba ńlá Sòmálì, tí ẹran rẹ̀ ń mu omi ní ìhà méjèèjì. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìwé ìdìbò gbà. Bí ó bá yan Oromia, ó sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí kànga kan nù. Bí ó bá yan Sòmálì, ó sọ èkejì nù. Àwọn alágbára tí ó sì ń wá ilẹ̀ àti owó ìjọba mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti pọ̀ sí ni ilẹ̀ yóò ṣe pọ̀ sí.

Ní ọdún 2017, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lójú ààlà náà láàrin ọlọ́pàá àti ológun àdúgbò ìpínlẹ̀ méjèèjì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kú, àwọn tí a lé kúrò nílé sì súnmọ́ mílíọ̀nù kan. Lára wọn ni àwọn Òrómò tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Jijiga láti ọjọ́ pípẹ́, àti àwọn Sòmálì tí ó wà ní ìlú Oromia. Tọkọtaya tí ọ̀kan jẹ́ Sòmálì tí èkejì jẹ́ Òrómò kò mọ ibi tí wọn ó sá gbà.

7. Àgbálọgbábọ̀

Nínú bébà yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìran láàrin àwọn Sòmálì dúró lórí àdéhùn gẹ́gẹ́ bí ó ti dúró lórí ẹ̀jẹ̀, àti pé níbi tí àdéhùn bá ti gbó ni ìran ti ń di ohun ìjà. A sì ti rí i pé láàrin Sòmálì àti Òrómò, ìjà wà, ìbátan sì wà, àwọn tí ó wà láàrin sì ni afárá. Ògiri òde òní kò ti inú ìkórìíra àwọn baba ńlá wá. Ó ti inú ìlà, ìdìbò àti ìpín owó ìjọba wá, èyí tí ó fi dandan lé e pé kí ènìyàn jẹ́ ọ̀kan kí ó má sì jẹ́ èkejì.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó dúró sínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Bí a bá gbà pé ọ̀tá àtayébáyé ni wọ́n, a ó gbà pé yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìwòsàn, a ó sì máa fa ìlà kún ìlà. Bí a bá sì gbà pé àdéhùn ni ó ń so wọ́n pọ̀, ohun tí a ó béèrè yóò yàtọ̀: ta ni ó ní kànga yìí, ta ni ó ti ń bá a mu nínú rẹ̀, kí ni wọ́n sì ti bá ara wọn sọ nípa rẹ̀? Àwọn àgbà Garre àti Borana lè dáhùn ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìwé ìdìbò kò lè dáhùn rẹ̀.